Kòkòrò tó ń jẹ kòkòrò kò gba àká mi sílẹ̀

Ọ̀kún o, ẹ̀gbọ́n mi ará Mopa. Ẹ ní níbo lẹ ti lè ra kòkòrò dúdú tí wọ́n ní ó ń pa èyí tó ń sọ àgbàdo yín di ìyẹ̀fun. Ẹ má wulẹ̀ wá a kiri. Mo ti gbójú lé e rí, ojú mi sì rí màbo.

Ẹ kọ́kọ́ gbọn ṣùkù kan sórí bébà funfun. Tí ohun tó já bọ́ bá ní imú gígùn, kòkòrò àgbàdo tá a ti mọ̀ tipẹ́ nìyẹn. Èyí tí mò ń sọ gùn tó mìlímítà 3 sí 4, ó rí gbọọrọ bí ègé ìṣáná, orí rẹ̀ sá pa mọ́ sábẹ́ ọrùn, ìdí rẹ̀ sì dà bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Prostephanus truncatus lorúkọ rẹ̀. Mẹ́síkò àti agbègbè rẹ̀ ló ti wá. Nígbà tó wọ Tanzania, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sọ ọ́ ní Scania, bíi ọkọ̀ akẹ́rù! Ọdún 1984 ni wọ́n rí i ní Togo.

Kòkòrò dúdú tí ẹ ń wá, tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ láti ilé, ni Teretrius nigrescens. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní Togo ní 1991, ní Benin ní 1992. Tí akọ Prostephanus bá ti rí oúnjẹ, á tú òórùn jáde láti fi pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Òórùn yẹn gan-an ni ọ̀tá fi ń tọpa wọn wọnú ihò, òun àti ọmọ rẹ̀ á wá máa jẹ ẹyin àti ìdin wọn.

Èmi náà rí kòkòrò dúdú kékeré kan tó ń dán nínú àká mi, inú mi dùn, mo ní n kò da oògùn kankan sí i mọ́. Ní oṣù kẹta, mo ki ọwọ́ bọ àárín àká, ìyẹ̀fun mù mí dé ìgbọ̀nwọ́. Ìyàwó mi wò mí, ó ní, “Ọ̀rẹ́ yín ti yó, àwa ńkọ́?”

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà yẹn ni pé ọ̀tá yìí kì í yára bí sí i tó ẹni tó ń lé. Inú igbó ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń hàn, torí Prostephanus ń gbé inú igi gbígbẹ níbẹ̀. Ó lè dín iye tó ń fò wá bá wa kù. Àmọ́ àká tí wọ́n ti gbà, ó ti bọ́.

Àìsàn tó ń pa kòkòrò yìí náà wà o. Èbu kan tó ń jẹ́ Beauveria bassiana máa ń lẹ̀ mọ́ ara kòkòrò, á lu awọ rẹ̀ wọlé, tó bá sì ti pa á tán, èbu funfun á bo òkú rẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ gbà mí níyànjú pé kí n kó àgbàdo tó bu dà sínú àká. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! Èbu orí àgbàdo kì í ṣe èyí, májèlé inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ èèyàn jẹ́.

Ní báyìí, kété tí àgbàdo bá ti gbẹ ni mo ń yàn án, tí mo sì ń yín in kúrò lára ṣùkù. Kòkòrò yìí fẹ́ràn ọmọ àgbàdo tó ṣì wà lára ṣùkù, níbi tí kò ti lè mì nígbà tó bá ń lu ú. Mo dáná sun òpó àká àtijọ́, torí inú igi náà ló ń fara pamọ́ sí. Oògùn tí mo ń rà gbọ́dọ̀ ní pirimiphos-methyl àti permethrin pa pọ̀. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ń pa onímú gígùn, kò ran eléyìí tó bẹ́ẹ̀. Tí owó bá wà, àpò onípele mẹ́ta tí a ń dì pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọlé ni mo ń lò, kò sí oògùn nínú ìyẹn.

Pákí gbígbẹ ni n kò tọ́jú mọ́ rárá. Ó fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Bó bá ti gbẹ báyìí, ọjà Kabba ló ń lọ.