Báwo ni Evgeni Plushenko ṣe bẹ̀rẹ̀ ìdíje ijó orí yìnyín?

Ọmọ ọdún 4 ni nígbà tó kọ́kọ́ wọ bàtà yìnyín ní Volgograd, ìlú tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ láti agbègbè Khabarovsk, ní ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà, níbi tí wọ́n ti bí i ní 1982. Nígbà tó di ọmọ ọdún 11, wọ́n ti gbọ̀ngàn yìnyín ibẹ̀ pa. Ló bá lọ sí St. Petersburg sọ́dọ̀ olùkọ́ Alexei Mishin, láìsí àwọn òbí rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ní tèmi, ibí yìí ló yẹ ká ti máa ka ìtàn rẹ̀, nítorí ọmọdé tó dá wà ní ìlú ńlá yìí tún bá Alexei Yagudin, eléré yìnyín mìíràn tó fi ohun tó lé ní ọdún méjì jù ú lọ, lọ́dọ̀ olùkọ́ kan náà.

Ní ìparí 1996, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 14, ó gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti 1997. Ní 1998, ó ṣe ipò kẹta nínú ìdíje àgbáyé láàárín àwọn àgbà; Yagudin ló gba ipò kìíní. Yagudin fi Mishin sílẹ̀ lọ́dún náà, ó lọ sọ́dọ̀ Tatiana Tarasova, ìfigagbága wọn sì wá le koko. Yagudin tún borí rẹ̀ ní 1999. Plushenko gba ti Yúróòpù lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2000, ó sì di ọ̀gá àgbáyé ní 2001, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 19. Fàdákà ló gbà ní Òlíḿpíìkì 2002, lẹ́yìn Yagudin náà ni. Wúrà wọlé ní Òlíḿpíìkì Turin, 2006.