Sensọ̀ mi ń dáhùn nígbà tí mo bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nìkan: ṣé kí n yọ chip rẹ̀ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ẹnjiníà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí n'Ìbàdàn. Mo ń ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa sàba lé ẹyin fún màmá mi tó ń sin adìyẹ. ESP32, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré kan, ni mo fi ń darí ẹ̀. Sensọ̀ tí mo rà láti máa wọn ooru àti ọ̀rinrin ni BME280 ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, pánẹ́ẹ̀lì kékeré kan báyìí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Mo tò ó sórí breadboard, ike oníhò tí a máa ń ki wáyà bọ̀, bí mo ṣe rí i nínú fídíò. Tí mo bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á dáhùn; tí mo bá gbọ́wọ́ kúrò, á dákẹ́. Mo ti yí kóòdù padà títí, ó ti sú mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní pánẹ́ẹ̀lì yẹn ló ń fa wàhálà, pé kí n yọ chip kúrò lórí ẹ̀, kí n so wáyà mọ́ ọn tààrà. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Àbúrò, má yọ ọ́ o. Gbogbo ara chip yẹn ò ju mílímítà 2.5 níbùú àti lóròó lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, abẹ́ ikùn ló sì kó gbogbo wọn sí. Ojú mi ò gbé e, ọwọ́ mi ò sì ká a, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí mò ń jẹ nìyí. Ìdí tí wọ́n fi ń gbé e sórí breakout nìyẹn: pánẹ́ẹ̀lì yẹn ló gba ẹsẹ̀ tíntìntín wọ̀nyẹn, tó fà wọ́n jáde sí ihò tí àlàfo wọn jẹ́ mílímítà 2.54, tó bá ihò breadboard mu wẹ́kú.

Nígbà tí o ti sọ pé ó ń dáhùn tí o bá tẹ̀ ẹ́, ẹjọ́ ti tán. Kóòdù ò mọ̀ bóyá ìka wà lórí sensọ̀ àbí kò sí. Wo orí pánẹ́ẹ̀lì yẹn dáadáa, níbi tí ẹsẹ̀ irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti yọrí. Ṣé léèdì, irin rírọ̀ tí a ń yọ́ fi lẹ nǹkan pọ̀, wà níbẹ̀? Ọ̀tọ̀ ni ẹsẹ̀ irin máa ń wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi ń tà á, ọ̀tọ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ á kàn ti irin bọ ihò, ó parí. Ihò yẹn sì fẹ̀ ju irin lọ. Ìgbà tó bá wu irin ló ń fẹ̀gbẹ́ kan kàn án. Èmi alára ti fi odidi alẹ́ kan pààrọ̀ library (àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ) lórí kọ̀ǹpútà nítorí ẹsẹ̀ SCL kan ṣoṣo tí mo gbàgbé láti jó léèdì sí; SCL àti SDA ni ẹsẹ̀ méjì tí sensọ̀ fi ń bá ESP32 sọ̀rọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí mi.

Gún apá tó gùn lára ẹsẹ̀ irin mọ́ breadboard kó lè dúró ṣánṣán, kí o gbé pánẹ́ẹ̀lì lé e lórí. Léèdì tí wọ́n kọ 63/37 sí máa ń yọ́ ní 183°C, ṣùgbọ́n gbé ayọ́ọ̀nù tí o fi ń jó léèdì sí nǹkan bí 350°C kí o lè tètè ṣe tán, torí ike breadboard ò fẹ́ ooru tó bá pẹ́. Fi ẹnu ayọ́ọ̀nù kan irin àti òrùka tó yí ihò ká pa pọ̀, kà dé méjì, kí o wá ti léèdì sí àwọn méjèèjì. Má fi sí ẹnu ayọ́ọ̀nù. Èyí tó bá dáa á fà mọ́ irin bí òkìtì kékeré, á máa dán. Èyí tó bá rogodo bí ìlẹ̀kẹ̀ kò mú. Tún un jó.

Wàyí o, mú mítà. Bí wọ́n bá fún mi ní chip lọ́fẹ̀ẹ́ láìsí breakout, mi ò gbà, torí mi ò ní rí ibi tí màá fi ẹnu mítà kàn. Pa iná ná. Gbé mítà sí ibi tó ti ń ké. Fi ẹnu kan kan SDA lórí breakout gan-an, má fi kan wáyà; fi èkejì kan ẹsẹ̀ 21 lára ESP32. Ó gbọ́dọ̀ ké. SCL sí 22 bákan náà, àfi tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ mìíràn lo yàn nínú kóòdù. Lẹ́yìn náà, wo àwọn ẹsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí breakout. Tí mítà bá ké níbẹ̀, léèdì ti so wọ́n pọ̀ nìyẹn.

Tan iná, kí o yí mítà sí vólítì DC. Láàárín VCC (ẹsẹ̀ tí iná ń gbà wọlé) àti GND (èyí tó ń gbà padà), o gbọ́dọ̀ rí nǹkan bíi 3.3. Ara sensọ̀ ni kí o ti wọ̀n ọ́n, torí àwọn breadboard gígùn kan wà tí ìlà pupa wọn já láàárín: iná wà lápá kan, òkùnkùn lápá kejì. SDA àti SCL náà gbọ́dọ̀ sún mọ́ 3.3 nígbà tí wọn ò bá sọ̀rọ̀, torí resistor (ohun tíntín tó ń dí iná lọ́wọ́) orí breakout ló ń fà wọ́n sókè. Má sì dán 5V wò lórí ẹ̀ rárá. 3.6 ni òpin ohun tí chip yẹn lè gbà, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tìrẹ yìí kì í sì sábà ní regulator, ohun tó ń dín vólítì kù, tó máa gbà á sílẹ̀.

Tí gbogbo ẹ̀ bá pé, lo kóòdù I2C scanner, tó ń wá àdírẹ́sì sensọ̀ lórí SDA àti SCL. 0x76 tàbí 0x77 ni yóò bọ́ síta. Ẹsẹ̀ SDO ló ń pinnu èyí tó máa jẹ́.

Ó ku ọ̀kan, òun ló sì kan ẹyin màmá rẹ jù. BMP280 ni wọ́n ń tà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní orúkọ BME280. Àdírẹ́sì kan náà ni wọ́n ń lò, wọ́n sì jọra lójú, ṣùgbọ́n BMP ò mọ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Nínú ẹ̀rọ tó ní fáànù, ẹyin adìyẹ ń fẹ́ nǹkan bíi 37.5°C fún ọjọ́ 21, ọ̀rinrin sì gbọ́dọ̀ gòkè láti bíi 50 sí 65 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Wo ìdérí irin orí chip: ti BME gún régé ní igun mẹ́rin dọ́gba, ti BMP gùn lápá kan. Tí o bá fẹ́ kí ó dájú, fi kóòdù ka register 0xD0, ibi tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ chip wà nínú rẹ̀. Tó bá fún ọ ní 0x60, máa bá iṣẹ́ lọ. Tó bá jẹ́ 0x58, dá a padà fún ẹni tó tà á fún ẹ kí màmá tó kó ẹyin wọlé.