Nǹkan oṣù mi kò dúró lójú kan: báwo ni mo ṣe lè mọ ọjọ́ ẹyin?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹni ọdún 33 ni mí, àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta níbí. Àkọ́bí mi ti pé ọdún 4, ó sì ti tó oṣù 14 tí a ti ń retí àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn ìbí rẹ̀ mo gba abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí olóṣù mẹ́ta fún ọdún méjì. Oṣù 20 rèé tí mo ti gba èyí tó kẹ́yìn. Nǹkan oṣù mi ti padà, ṣùgbọ́n kò dúró lójú kan: mẹ́rin tó kẹ́yìn gba ọjọ́ 34, 47, 39 àti 52. Mo ti sanra sí i, irun sì ń hù sí mi lágbọ̀n. Bàbá Ìbùkún ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wálé. Wọ́n ní kí a máa wà papọ̀ ní ọjọ́ 14, ó sì máa ń gba ààyè wálé nítorí rẹ̀, síbẹ̀ pàbó ló já sí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò ní ọjọ́ 21, wọ́n ní ẹyin mi kì í jáde. Ẹni tó ń ta oògùn ní kí n ra Clomid, oògùn tó ń mú ẹyin jáde. Ìyá ọkọ mi kò yé béèrè, ojú sì ń tì mí láti sunkún nígbà tí mo ti ní ọ̀kan. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Ìbùkún

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbùkún, ẹ kú ìrọ́jú. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ mú kúrò lọ́kàn yín ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ pé ẹyin yín kì í jáde, nítorí pé àyẹ̀wò tí wọ́n gbé e lé kò tó ẹni tí í sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹyin máa jáde, kí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n lọ wá a kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ́kọ́ yọ títí di àárọ̀ ọjọ́ tí òmíràn yóò yọ ni à ń kà sí òǹkà kan. Apá tó gbẹ̀yìn nínú òǹkà yìí, láti ìgbà tí ẹyin bá ti jáde títí tí nǹkan oṣù yóò fi dé, kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ó máa ń sún mọ́ ọjọ́ 14 lára ọ̀pọ̀ obìnrin. Apá àkọ́kọ́, nígbà tí ẹyin ń gbó lọ́wọ́, ni ó máa ń gùn tàbí tí ó máa ń kúrú. Nítorí náà ẹ̀yìn ni a ti ń ka ọjọ́ ẹyin, a kì í kà á láti iwájú. Ẹni tí òǹkà tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28 ni ẹyin rẹ̀ ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14. Ní tiyín, bí a bá yọ 14 kúrò nínú 34, 47, 39 àti 52, ohun tó kù ni 20, 33, 25 àti 38. Ẹyin kì í lò ju ọjọ́ kan lọ lẹ́yìn tó bá jáde, àtọ̀ ọkùnrin sì lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún bí ọjọ́ 5, ìyẹn ni pé ọjọ́ 6 péré ni oyún lè dúró nínú òǹkà kan. Ẹ wò ó, kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọjọ́ 14 bọ́ sí àárín ọjọ́ 6 yẹn. Gbogbo ìrìn-àjò Bàbá Ìbùkún láti Èkó tó já sí pàbó, ìmọ̀ràn tí a fún yín ni kò bá ara yín mu. Kò sí ẹ̀bi yín níbẹ̀, kò sì sí tiwọn.

Ìṣirò yìí kan náà ló ba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn jẹ́. Họ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀ ni progesterone, èyí tó máa ń gòkè kìkì lẹ́yìn tí ẹyin bá ti jáde, tí ó sì máa ń ga jù ní bí ọjọ́ 7 ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀. Ọjọ́ 21 bá ẹni tí òǹkà rẹ̀ jẹ́ 28 mu. Bí ó bá jẹ́ inú òǹkà ọlọ́jọ́ 47 ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ yín, a jẹ́ pé wọ́n gbà á ní ọjọ́ 12 ṣáájú kí ẹyin tó lè jáde, èsì rẹ̀ kò sì lè ṣe kí ó má lọ sílẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an bí obìnrin bá gbé irú ìwé èsì báyìí wá, tí ó ti fi í sunkún fún oṣù mélòó kan. Ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe: kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ 28, kí wọ́n sì tún máa gbà á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí nǹkan oṣù yóò fi dé. Bí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù, skáànù tí wọ́n fi ń tọpa ẹyin lè ṣe iṣẹ́ kan náà.

N kò sọ pé ẹyin jáde nínú gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin o. Èyí tó gùn tó ọjọ́ 52 lè jẹ́ èyí tí ẹyin kò jáde nínú rẹ̀ rárá, tí ẹ̀jẹ̀ kàn já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ wá ohun tó fà á.

Abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Òótọ́ ni pé ó máa ń pẹ́ kí ara tó gbàgbé rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ó máa ń tó bí oṣù 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn kí oyún tó dúró, ó sì ń ju ọdún kan lọ lára àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n kì í ba ilé-ọmọ jẹ́, oṣù 20 sì ti pọ̀ ju kí a ṣì máa di ọ̀rọ̀ náà rù ú. Irun àgbọ̀n àti sísanra tí ẹ mẹ́nu kàn ni èmi yóò tọ̀. Nǹkan oṣù tó ń pẹ́ kí ó tó dé, irun tó ń hù níbi tí irun ọkùnrin ń hù sí, àti ilé ẹyin tí skáànù fi hàn pé àwọn ẹyin kéékèèké tí kò gbó kún inú rẹ̀: bí méjì nínú mẹ́ta yìí bá pàdé lára obìnrin, tí a kò sì rí ìdí mìíràn, PCOS ni à ń pè é. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í ṣe ìju, kò sì túmọ̀ sí pé ẹyin ti tán. Ẹyin wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ; họ́mọ́ọ̀nù ni kò jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn gbó kí ó sì bọ́ sílẹ̀ lásìkò. Obìnrin tó ní in lè bí àkọ́bí láìsí wàhálà, kí ó wá fara hàn nígbà tí ara rẹ̀ bá ti sanra sí i.

Àwọn ìdí mìíràn tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kò ju díẹ̀ lọ. Ẹṣẹ́ ọ̀fun (thyroid), èyí tó bá wú tí à ń pè ní gẹ̀gẹ̀, lè da nǹkan oṣù rú bí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ jù tàbí tó bá kéré jù, kódà kí ó má wú rárá. Prolactin, họ́mọ́ọ̀nù tó ń mú omi ọyàn wá, lè dá ẹyin dúró bí ó bá ga. Nítorí náà, bí omi ọyàn bá ṣì ń jáde nígbà tí Ìbùkún ti já lẹ́nu ọyàn láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ rí i pé ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Bí wọ́n bá sì ti fọ ilé-ọmọ yín rí lẹ́yìn oyún tó bàjẹ́, tí nǹkan oṣù wá kéré láti ìgbà náà, ẹ má fi pamọ́.

Ní báyìí ná, ẹ fi ọjọ́ 14 sílẹ̀. Ohun tó dára jù fún ẹni tí òǹkà rẹ̀ ń yí ni kí tọkọtaya máa wà papọ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta láìwo kàlẹ́ńdà. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ Èkó kò jẹ́ kí èyí rọrùn. Síbẹ̀, bí Bàbá Ìbùkún bá lè máa wálé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tàbí kí ẹ̀yin náà máa lọ bá a ní ọ̀sẹ̀ tí kò bá lè wá, àtọ̀ tó lè wà láàyè fún ọjọ́ 5 yóò bo èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀sẹ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni àlàfo rẹ̀ gbòòrò jù. Ẹ tún máa kíyè sí omi ojú ara. Nígbà tí ẹyin bá ń súnmọ́ àtijáde, omi yìí máa ń mọ́, ó máa ń yọ̀, ó sì máa ń fà láàárín ìka méjì bí funfun ẹyin adìyẹ tútù. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i ni kí ẹ pe Bàbá Ìbùkún wálé. Ẹ má fi ọṣẹ tàbí álọ́ọ̀mù fọ inú ojú ara, nítorí ìpalára ni ó ń ṣe, ó sì ń gbá àmì yìí lọ. Ní ti ìwé pélébé tí a ń ti bọ ìtọ̀ láti fi mọ ọjọ́ ẹyin, ẹ má gbára lé e pátápátá, nítorí pé ó máa ń tan ẹni tó ní PCOS jẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra Clomid. Oògùn gidi ni, àwa náà ń lò ó, ṣùgbọ́n a kì í fún ènìyàn kí a tó mọ̀ pé kò sí oyún nínú rẹ̀, kí a tó mọ ohun tó ń ṣe é, kí a sì tó ṣètò skáànù tí a ó fi máa ṣọ́ ilé ẹyin, èyí tí oògùn náà lè mú wú kọjá ààlà. Ìbejì pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ibi lọ láyé, Ìgbò-Ọrà kò sì jìnnà sí yín, gbogbo wa la fẹ́ràn ìbejì. Ṣùgbọ́n oyún ìbẹta tí oògùn fà, tí ẹnikẹ́ni kò sì mójú tó, lè gba ẹ̀mí ìyá àti àwọn ọmọ. Bí ó bá sì jẹ́ PCOS ni, letrozole, oògùn mìíràn tó ń mú ẹyin jáde, ni a sábà máa ń kọ́kọ́ lò báyìí.

Ohun tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de dókítà ni ọ̀rọ̀ ara sísan. Ẹni tó wọn kílò 80, tí ó sì ní PCOS, lè rí i pé nǹkan oṣù òun ń tò bí ó bá dín kílò 4 sí 8 péré kù. Ẹ má febi pa ara yín, nítorí pé gbígbẹ àgbẹjù náà ń dá nǹkan oṣù dúró. Ẹ dín òkèlè kù, kí ẹ fi ẹ̀fọ́ àti ẹja kún un, kí ẹ fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀, kí ẹ sì máa fi ẹsẹ̀ rìn lára ọ̀nà ilé, nítorí pé ẹni tó ń ta ọjà ń jókòó pẹ́. Ẹ máa lo folic acid máíkírógírámù 400 lójúmọ́ láti ìsinsìnyí, kí ó ti wà lára kí oyún tó dé.

Bàbá Ìbùkún gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀. Pé ó ti bí ọmọ kan kò ní kí nǹkan má yí padà láàárín ọdún 4. Kí ó sinmi ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ 2 sí 7, kí àtọ̀ náà sì dé ọwọ́ àwọn tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò láàárín wákàtí kan. Owó rẹ̀ kéré sí púpọ̀ nínú ohun tí obìnrin ń ná, síbẹ̀ òun ni a máa ń ṣe kẹ́yìn, èyí kò sì dára rárá.

Ẹ sọ pé ojú ń tì yín láti sunkún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2023 pé ó tó ẹnì kan nínú mẹ́fà tó ń rí ìdádúró ọmọ nígbà kan láyé wọn, àwọn tó ti bí rí sì wà lára wọn. Ẹni tó ní ọ̀kan ni a sábà máa ń sọ fún pé kí ó dúpẹ́ kí ó sì dákẹ́, ìdákẹ́ náà ni kì í jẹ́ kí ó tètè rí ìtọ́jú. Ní ti màmá tó ń béèrè, ọmọ wọn ni ó yẹ kí ó bá wọn sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin.

A sábà máa ń sọ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 35 pé kí ó gbìyànjú fún ọdún kan kí ó tó wá. Ìmọ̀ràn yẹn wà fún ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń lọ déédéé. Ẹ̀yin kò ní ìdí láti dúró mọ́. Ẹ lọ sí ẹ̀ka àwọn obìnrin ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà. Kí ẹ tó lọ, ẹ yẹ ìtọ̀ wò fún oyún, nítorí pé ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń pẹ́ lè lóyún láìmọ̀. Bí inú bá sì ń ro yín gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí nǹkan oṣù pẹ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, nítorí oyún lè dúró síbi tí kò yẹ. Ẹ kọ òǹkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn sínú ìwé, kí ẹ kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ ìkẹyìn sí i, kí ẹ mú èsì ọjọ́ 21 dání, kí ẹ sì jẹ́ kí Bàbá Ìbùkún bá yín lọ.