Èsì: Máàkì 48 ò sọ ẹ́ di olódo

Ọ̀rẹ́ mi, o ní o gba 48 nínú kọ́ọ̀sì kan, o wá ń pe ara ẹ ní olódo. Kọ èrò yẹn sílẹ̀ bó ṣe wá gan-an. Lábẹ́ rẹ̀, kọ ẹ̀rí tó gbè é lẹ́yìn, kó o wá kọ èyí tó ta kò ó: àwọn kọ́ọ̀sì tó o yege ńkọ́?

Lẹ́yìn náà, tún gbólóhùn náà kọ. Má kọ "ọ̀gá ni mí" o. Ọkàn ẹ ò ní gba irọ́ yẹn. "Kọ́ọ̀sì yìí ò tíì yé mi" ti tó. Ọ̀dọ̀ Aaron Beck, dókítà ará Amẹ́ríkà, ni ọgbọ́n yìí ti ṣẹ̀ láwọn ọdún 1960.

Àmọ́ bí o ò bá rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ikú ń wá sí ẹ lọ́kàn, bírò nìkan ò tó. Lọ rí dókítà lónìí.