Hamlet wo ni kí ẹ fi han àwọn ọmọ?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè fíìmù Hamlet (eré Shakespeare nípa ọmọ ọba tó fẹ́ gbẹ̀san ikú bàbá rẹ̀) tí ẹ lè fi kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ eré yín l'Óṣogbo, pàápàá ibi tí Hamlet ti ń dá sọ̀rọ̀ pé ṣé kí òun wà láyé ni àbí kí òun kú. Ti Kenneth Branagh, òṣèré tó ṣe Hamlet ní 1996, ni màá mú. Iwájú dígí ńlá ló dúró sí, ọba àti Polonius, olùdámọ̀ràn rẹ̀, sì sápamọ́ sẹ́yìn dígí náà, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Kò pariwo rárá. Nígbà tó yọ ọ̀bẹ, àwòrán ara rẹ̀ ló nà án sí, àmọ́ ọba ni ọ̀bẹ náà dojú kọ.

Laurence Olivier, 1948, wà lókè ààfin, òkun ń ru nísàlẹ̀. Níbì kan, ẹnu rẹ̀ ò mì, ohùn ọkàn rẹ̀ là ń gbọ́. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n oorun máa ń kùn mí níbẹ̀ (ẹ má bínú). Mel Gibson, 1990, wà láàárín ibojì. Ti Ethan Hawke, 2000, inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá fídíò ni. Àwọn ọmọ á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ọmọ ìlú Dúró Ládípọ̀, àgbà òṣèré orí ìtàgé, ni wọ́n, ìlù àti ohùn gíga ti mọ́ wọn lára. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wo ti Branagh láìsí ohùn, kí wọ́n wo ojú rẹ̀ nìkan.