"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí": ṣé ẹ̀rí ni, àbí ìfura lásán?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtàn ọ̀daràn ni mò ń kọ. Dókítà tó ń yẹ òkú wò àti ọlọ́pàá obìnrin kan jọ ń wá ẹni tó pa ọmọ ọdún mẹ́fà, àwọn ohun abàmì sì wà nínú rẹ̀. Ìyá àgbà kan sọ fún ọlọ́pàá náà pé, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Kí ni òwe yìí ń sọ gan-an? Ṣé ọlọ́pàá lè tìtorí rẹ̀ mú ènìyàn?

Ìdáhùn: Inú mi dùn pé ẹ pa á pé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gé "jẹ" tó wà ní ìparí rẹ̀ sọ nù, bẹ́ẹ̀ adùn òwe náà wà níbẹ̀. Ènìyàn lásán lè pa ènìyàn. Àjẹ́ ni wọ́n ní ó ń pa jẹ. "Ké" náà kì í ṣe ẹkún o. Igbe ẹyẹ ni. Ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ni pé ẹyẹ ni àjẹ́ ń gbé wọ̀ lóru, òun la fi ń pè wọ́n ní ẹlẹ́yẹ. Òwìwí á bà lórí òrùlé láàárín òru, á han gooro, gbogbo ilé á jí, kò sì sí ẹni tí yóò lè sùn mọ́.

Ẹ wá wo ohun tó wà nílẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn ẹyẹ lálẹ́, wọ́n rí òkú ọmọ láàárọ̀. Òru ló wà láàárín méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò sì rí nǹkan kan nínú òru náà. "Ta ni kò mọ̀" ni wọ́n fi dí àlàfo yẹn. Ìbéèrè ni lójú, ṣùgbọ́n ta ló máa dáhùn pé "èmi ò mọ̀"? Ẹni tó bá dán an wò ti di òpè ìlú, tàbí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo òun náà lójú bákan.

Síbẹ̀, bí ẹ bá fetí sí ibi tí a ti ń pa òwe yìí lójoojúmọ́, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ àjẹ́ kọ́ ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ ẹnìkan jẹ ẹ̀gúsí tí aládùúgbò rẹ̀ sá sóòrùn. Aládùúgbò bínú, ó ní, "Kò burú, ẹ ó máa wò ó." Ilẹ̀ mọ́, ewúrẹ́ ti nà gbalaja sẹ́yìn ilé. Olówó ewúrẹ́ á ní, "Àjẹ́ ké lánàá…", kò tiẹ̀ ní parí rẹ̀. Ìhàlẹ̀ ni igbe níbí yìí. Tèmi ni pé ìtumọ̀ tó lágbára jù nìyẹn: ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí ibi, òun la ó kọ́kọ́ bi léèrè nígbà tí ibi bá dé. Nítorí náà, bí ìyá àgbà yín bá gbọ́ ìhàlẹ̀ láti ẹnu ẹnìkan lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúlò fún ọlọ́pàá. Bó bá jẹ́ òwìwí nìkan ló gbọ́, kò wúlò.

Àwọn agbẹjọ́rò wa fẹ́ràn òwe yìí nílé ẹjọ́ Nàìjíríà, pàápàá níbi tí kò ti sí ẹlẹ́rìí tó fojú rí i, tó jẹ́ pé ohun tó yí ọ̀ràn ká ni wọ́n ń so pọ̀. Ṣùgbọ́n òfin le ju òwe lọ. Ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ nàka sí ẹnìkan ṣoṣo, kò sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ku ọ̀nà mìíràn tí nǹkan náà lè gbà ṣẹlẹ̀. Kódà, bí ìyá àgbà bá dárúkọ ẹnìkan pé àjẹ́ ni, òun gan-an lè wọ wàhálà: abala 210 nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, ka fífi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ẹ̀wọ̀n ọdún 2 wá.

Wọ́n ti fi ìfura bẹ́ẹ̀ da ìlú rú rí. Láàárín 1950 sí 1951, àwọn Atinga tó ń wá àjẹ́ kiri wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò láti Gánà, tí à ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Dahomey, tí à ń pè ní Benin lónìí, ni wọ́n gbà wọlé. Obìnrin tí wọ́n bá fura sí á mú adìyẹ wá, wọ́n á pa á, bí adìyẹ náà bá ṣe sùn sílẹ̀ nígbà tó ń kú ni wọ́n fi ń dá a láre tàbí lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ló jẹ́wọ́ ohun tí wọn ò ṣe. Wọ́n ba ojúbọ òrìṣà jẹ́ pẹ̀lú. Ní 1951 ni ìjọba fòfin dè wọ́n.

Ní ti dókítà yín, ẹ má ṣe é ní ọ̀gá tó kàn wá já irọ́ àgbà. Ìbéèrè tirẹ̀ ni "kí ló pa á?", ti ìyá àgbà ni "ta ló pa á?", ìdáhùn sí èkíní kò sì pa èkejì lẹ́nu mọ́. Bí dókítà bá ní oró ejò ni, ìyá á bi í pé ta ló rán ejò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rò ni pé dókítà náà lè gbọ́ igbe àjẹ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi, kó rí i tí ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bíi dòjé. Kíá, ó kọ ọ́ sílẹ̀: SS ni ọmọ yìí, àìsàn ló pa á. Bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kì í sí nínú ẹ̀jẹ̀ òkú mọ́, ẹ̀jẹ̀ ọmọ AS tí kò ṣàìsàn rárá lè tẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ikú. Àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù ló máa là á. Bí èsì bá dé pé AS ni, a jẹ́ pé ẹni tó pa ọmọ náà ṣì wà níta, dókítà sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lùwé tó tú u sílẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani; ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá obìnrin yẹn padà sínú ilé náà.

Bó bá débẹ̀, kó bi ìyá àgbà léèrè ohun tí òwe náà kò sọ: yàtọ̀ sí ẹ̀yin, mà, ta ló tún gbọ́ ẹyẹ yẹn lálẹ́ àná?