Ẹ má tíì fowó gíà ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n ṣí rédíétọ̀ ná

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè láti Houston, tẹ́ ẹ ní pick-up ọdún 2006 tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí bàbá yín n'Ìjẹ̀bú-Òde ti ń yọ gíà, tí mẹkáníìkì sì ní kẹ́ ẹ fowó gíà tokunbo ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ohun tójú mi rí gẹ́lẹ́ nìyí. Gíà méjì ni mo rà láàárín oṣù mẹ́rin.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló ń fi tèmi kó ẹ̀gẹ́ láti oko. Wọ́n pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ọkọ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì tó bá fẹ́ bọ́ sí gíà kejì. Mẹkáníìkì gba fóònù lọ́wọ́ wọn: "Ọ̀gá, gíà ti kú. Ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀ ló kù ká lọ." Mo fowó ránṣẹ́. Wọ́n dè é, ọkọ̀ ń lọ geerege. Kò pé oṣù méjì tó tún bẹ̀rẹ̀. Mo bá mẹkáníìkì jà. Ẹni tó tà á ní gíà tó bá ti kúrò ní ìsọ̀ òun, kò tún padà mọ́. Mo tún fowó òmíràn ránṣẹ́. Nígbà tí ìyẹn náà fẹ́ lọ, ọmọ wọn kan ló ṣí ìdérí rédíétọ̀ láàárọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ó sì ya fọ́tò ránṣẹ́. Omi inú ẹ̀ ti pupa rúsúrúsú, ó ki bí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n ta epo sí, ó lẹ̀ mọ́ ìdérí náà pátápátá.

Ohun tó ń fà á rèé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ṣíńjì fúnra ẹ̀, gíà ọ́ìlì máa ń gba páìpù kékeré kan kọjá nínú rédíétọ̀ kó lè tutù. Tí páìpù yẹn bá lu, omi á wọnú gíà, ọ́ìlì á wọnú omi. Àwọn awo inú gíà ní ohun kan bíi pépà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ wọn lára. Omi ló ń ṣí i kúrò. Ẹ lè ra gíà mẹ́wàá, rédíétọ̀ yẹn á pa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Tuntun ni kẹ́ ẹ rà o, ẹ má ra rédíétọ̀ tokunbo. Èyí tẹ́ ẹ máa rí ní ìsọ̀ náà ti gbó bíi ti yín. Àwọn tiwa á sì tún da omi kànga sí i dípò kúláàntì, ìyẹn omi tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, kó máa dípẹtà. Nílé yín ní Houston lẹ ti máa rà á, ìyẹn ò le. Ìgbà tó bá dé èbúté ni ìnira ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù fi dá tèmi dúró. Wọ́n ní ká mú rìsíìtì wá. A mú un wá, wọ́n ní iye tó wà níbẹ̀ kéré jù. Rédíétọ̀ kan ṣoṣo! Inú ṣì ń bí mi dòní. Ẹ lẹ rìsíìtì mọ́ ara páálí náà, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ajẹ́ńtì tó máa bá yín gbà á ní èbúté kó tó gbéra.

Ẹ má bọkàn jẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ tètè mọ̀, wọ́n lè da ọ́ìlì náà nù, kí wọ́n da tuntun sí i lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kí gíà tó wà níbẹ̀ sì yè é. Ti ẹnìkan tí mo mọ̀ ṣì ń kó búlọ́ọ̀kù.

Ṣùgbọ́n kí bàbá má wà á mọ́, ì báà ṣe dé ṣọ́ọ̀ṣì. Tí wọ́n bá máa gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kí wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ míì, kí wọ́n má fi okùn wọ́ ọ. Ẹ fi fọ́tò omi rédíétọ̀ náà síbí tó bá ti dé. Mo máa wò ó lálẹ́ yìí.